Ọjọ́ Méje Ọ̀fẹ́ láti Gbọ́ Ohùn Ọkọ Mi

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ọkọ mi kú, nínú ilé wa ní Òkè-Sopen, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Kì í ṣe ikú òjijì. A rí àyè ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe: àwọn ọmọ dé láti ibi gbogbo, wọ́n yọ fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, wòlíì ìjọ wa sì wá gbàdúrà sí i lórí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rántí ni pé ká gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ kún fóònù gbogbo wa, ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ẹnu rẹ̀ pa dé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, mo jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo fẹ́ rántí bó ṣe máa ń pè mí láti ẹ̀yìnkùlé tó bá ti oko dé. N kò rántí. Mo rántí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ o, ohùn náà gan-an ló sọnù. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà ju ti ọjọ́ tó kú lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni obìnrin olùkọ́ kan wá kí mi láti yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà ló ti gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá, tó jókòó ti ọkọ mi ní pálọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Iṣẹ́ tí ọkọ mi ṣe nígbà èwe ló ń wádìí. Láyé ìgbà náà, tí wọ́n bá gé igi gẹdú nínú igbó ìhà ọ̀dọ̀ wa, wọ́n á kó o dé etí omi, wọ́n á so ó pọ̀ mọ́ra títí tí yóò fi fẹ̀ bí àgbàlá, àwọn ọkùnrin á sì gun orí rẹ̀, wọ́n á máa fi ọ̀pá tì í lórí omi títí dé Èkó. Orí igi náà ni wọ́n ń sùn, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná. Ọkọ mi ṣe é fún ọdún mọ́kànlá. Ọjọ́ méjèèjì tó fi ń ròyìn fún olùkọ́ yìí, ilé ìdáná ni mo wà. Mo ń gbé iṣu jáde, mo ń gbé omi wọlé, n kò dúró gbọ́ gbólóhùn méjì pọ̀. Kí ni mo fẹ́ gbọ́ níbẹ̀ tí n kò ní tún gbọ́ lọ́la?

Olùkọ́ náà kí mi tán, ó wá sọ pé iṣẹ́ náà ti jáde, pé pọ́díkáàsì ni. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní bí ètò rédíò ni, àfi pé òun kì í kọjá lọ, inú fóònù ló máa ń wà, ìgbà tó bá wu èèyàn ló lè ṣí i. Ó ní apá mẹ́jọ ni, apá kẹrin ni ọkọ mi ti sọ̀rọ̀. Mo ní kó ṣí i kíá. Ó wá ń họrí. Ó ní apá àkọ́kọ́ nìkan ló wà fún gbogbo ayé, ẹni tó bá ń san àsansílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ló lè gbọ́ ìyókù. Ilé iṣẹ́ náà ti ra gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó wà nínú ẹ̀rọ kékeré yẹn, òun alára kò láṣẹ àtifún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ó ní, “Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó ká yín lára, Mà. Wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ méje. Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín ṣí i.”

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn sanwó. Ọmọ mi tilẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́yìn mi, báńkì rẹ̀ ní káàdì náà kò lè sanwó sókè òkun. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní ó ṣeé ṣe, n kò ní gbà. Ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo fi gbọ́ ohùn yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, mo gbọ́ ọ nígbà tó ń tù mí nínú, mo gbọ́ ọ nígbà tó ń bú mi. Kí ẹni tí kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kó ní kí n san owó kí n tó wọlé gbọ́ ọkọ mi? Ó kàn mí lára ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ sílẹ̀ lọ.

Àkọ́bí mi obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló bá mi ṣí ọ̀fẹ́ náà ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan. Mo rò pé ohun tó bá jẹ́ ọ̀fẹ́, èèyàn á kàn na ọwọ́ gbà á ni. Irọ́ ni. Wọ́n béèrè ímeèlì, wọ́n béèrè orúkọ, wọ́n béèrè ọjọ́ ìbí, wọ́n wá béèrè káàdì báńkì. Mo ní káàdì kẹ̀? Ó ní àfihàn lásán ni, pé wọn kò ní mú nǹkan kan níbẹ̀ títí ọjọ́ méje yóò fi pé. Wọ́n fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́, a tẹ̀ ẹ́, ó ní ó ti pẹ́ jù. Wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Nígbà tó yá, ó ṣí. Apá kẹrin wà níwájú wa, àwòrán omi ló wà lára rẹ̀. Ọmọ mi na ìka láti tẹ̀ ẹ́, ni mo bá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ilé wa á mọ ìdí rẹ̀. Tí èèyàn bá kú, a kì í ṣí àpótí rẹ̀ lẹ́yìn àgbà. Aṣọ ni o, ìwé ni o, ìbáà ṣe fìlà kan, gbogbo rẹ̀ á wà ní dídè títí ẹni tó dàgbà jù nínú ìdílé rẹ̀ á fi dé, tí yóò fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni tó mú nǹkan kan. Opó tó bá dá a ṣí, kò sí ohun tí wọn kò ní sọ sí i. Àpótí ọkọ mi wà ní yàrá lọ́jọ́ náà, a kò tíì ṣí i, à ń retí àdúrà ogójì ọjọ́. Ohùn rẹ̀ wá ńkọ́? Ṣé aṣọ ló ṣe iyebíye ju ohùn lọ ni? Mo ní ká dúró de ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

Ọmọ mi ní, “Màámi, ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún wa o.”

Mo ní, “Ọjọ́ méje pọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá yín á ti dé kó tó pé.”

Ẹnu omi, ní apá Ogun Waterside, ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbé. Òun náà ṣe iṣẹ́ igi gẹdú yẹn, òun ló tilẹ̀ mú àbúrò rẹ̀ wọ̀ ọ́. Mo pè é lórí fóònù, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní ọkọ̀ kò jáde. Lọ́jọ́rú, ó ní òun ti jáde nílé, ṣùgbọ́n omi bo ọ̀nà, ọlọ́kadà sì ní òun kò lè fi ọ̀kadà òun wẹ odò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Ó ní ká gbọ́ ọ, tí ẹ̀gbọ́n bàbá òun bá dé ká tún jọ gbọ́ ọ, pé kò sí ẹni tó máa mọ̀. Mo bi í pé ṣé bí mo bá ṣí àpótí tí mo sì tún un dì padà, kì í ṣe pé mo ti ṣí i ni? Mo rí i pé inú ń bí i. Òótọ́ ló wà lẹ́nu rẹ̀, èmi ni n kò gbọ́. Mo ń ka ọjọ́ náà bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀, n kò sì ṣe nǹkan kan sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló tó dé, ẹrẹ̀ dé orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Kò mu omi, ó ní ká gbé àbúrò òun wá. Ọmọ mi ṣí fóònù. Àgádágodo kékeré kan ló jókòó sórí apá kẹrin. Ọ̀fẹ́ wa ti tán láti àná.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wò mí lójú. “Ìyàwó wa, o tọ́jú ọbẹ̀ dè mí títí ó fi kan.”

Mo dìde, mo lọ gbé omi fún un.

Láti ọjọ́ yẹn ni wàhálà ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní òun kò ní padà sílé láìgbọ́ ọ, nítorí náà mo ń dáná fún un ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, inú sì ń bí mi sí àwọn tí n kò lè rí sójú. A fi nọ́ńbà tèmi ṣí òmíràn. Wọ́n gba orúkọ mi, wọ́n gba ọjọ́ ìbí mi, nígbà tó kan káàdì, wọ́n ní àwọn ti rí káàdì ọmọ mi rí. Ẹnìkan nínú ìjọ wa ní tí èèyàn bá ra dátà oríṣi kan, wọ́n máa ń fi gbígbọ́ ètò oṣù kan ṣe ènì. A rà á. Orin ni wọ́n fi ṣe ènì, orin àwọn ọmọdé tó ń pariwo, kò sí pọ́díkáàsì kankan nínú rẹ̀. Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe nítòsí gáréèjì ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń fún ní ọ̀fẹ́ tó gùn jù, oṣù kan gbáko. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, mo lọ bá olùkọ́ náà. Ó ṣàánú mi, ó bá mi wò ó, ó ní àfi kí n ní ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ àti káàdì akẹ́kọ̀ọ́. Èmi tí mo dúró ní ìwé mẹ́fà. Mo ní ṣé òun alára kò lè fi tirẹ̀ ṣí i fún mi. Ó ní àwọn olùkọ́ kò sí nínú ọ̀fẹ́, òun náà ti lo ọjọ́ méje tirẹ̀ tán. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà o! Mo sunkún lórí ọ̀kadà títí mo fi délé, ọlọ́kadà rò pé eruku ni.

Bí mo ṣe ń ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó tú okùn rọ́bà tó wà nínú rẹ̀, ó mú káàdì báńkì kan jáde. Ó ní ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ní kí gbogbo àwọn lọ ṣí àkáǹtì ni wọ́n ti fún òun, òun kò lò ó rí.

Ọmọ mi pariwo, “Bàbá, láti ọ̀sẹ̀ yìí!”

Ó ní, “Ta ló bi mí?”

Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni nọ́ńbà àṣírí wọlé sí, òun fúnra rẹ̀ ló sì pè é sókè fún ọmọ mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka bíbélì ní ìjọ. Ó ṣí. Ó fi ìka kan apá kẹrin gẹ́gẹ́ bí ẹni ń fọwọ́ kan ìdérí àpótí, ó ní, “Ó yá.”

Ohùn omi ló kọ́kọ́ jáde. Obìnrin kan fi gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ mi wúkọ́. Kí ó tó sọ nǹkan kan ni mo ti mọ̀ pé òun ni. Ó ní, “Tí a bá so ó tán, a ó da yẹ̀pẹ̀ sí àárín rẹ̀, ibẹ̀ la ti máa ń dáná.” Ohùn tí mo ti ń wá kiri láti òwúrọ̀ tí n kò ti rántí rẹ̀ mọ́ nìyẹn, bó ṣe máa ń fà á díẹ̀ ní ìparí ọ̀rọ̀. Ó tún ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, ni ọkùnrin kan bá já wọ ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ní gẹ̀ẹ́sì, tí ohùn ọkọ mi sì lọ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi nǹkan bò lórí.

Bàbá ní, “Ta nìyẹn?”

Ọmọ mi ní wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ ni.

“Kí ló dé tí kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán? Wọ́n kọ́ ọ ní gẹ̀ẹ́sì, wọn kò kọ́ ọ pé àgbàlagbà ń sọ̀rọ̀.”

Bó ṣe rí títí lọ nìyẹn. Ọkọ mi á sọ gbólóhùn kan, àlejò elédè gẹ̀ẹ́sì yẹn á bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo ìyà tí a jẹ, gbólóhùn mẹ́rin péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún mi ní mímọ́. Mo fẹ́ kí ọmọ mi pa á. Ó wá kan ibì kan tí àlejò náà ní bàbá yìí ṣì rántí orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìjọba àti igbó ọba. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò dákẹ́. Nísàlẹ̀ gẹ̀ẹ́sì yẹn, ó ń pe orúkọ.

Mo gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ mi, mo gbé e lé etí. Mo gbọ́ orúkọ àkọ́kọ́. Mo gbọ́ ìdajì èkejì. Ẹ̀kẹta, mo ti pè é kó tó pè é, nítorí pé ilé mi ni gbogbo wọn ti ń jẹun tí wọ́n bá ti omi dé, mo mọ orúkọ wọn, mo mọ orúkọ ìyàwó wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, òun ló pe ẹ̀kẹrin. Ó pe ẹ̀karùn-ún, mo ní rárá, ẹni yẹn kò tíì dé nígbà náà, arákùnrin rẹ̀ tó rì ni. A tẹ́tí sílẹ̀. Arákùnrin tó rì ni. N kò ní kọ wọ́n síbí, àwọn ọmọ wọn ṣì wà láyé, n kò gba àyè lọ́wọ́ wọn. Mẹ́wàá ni wọ́n. Nígbà tó pe ìkẹwàá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a jọ pè é, èmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti òun nísàlẹ̀ níbẹ̀, kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún tí apá kẹrin sì tán.

Mo ní kí ọmọ mi dá a padà sí ibi orúkọ.

Ó ní, “Màámi, a ṣì ní ọjọ́ méje.”

Mo ní kó dá a padà nísinsìnyí.