Inú Òpó Ni Mo Wà

Ẹ wò mí dáadáa, tín-ín-rín ni mí. Bí mo bá jẹ gbogbo iyán tó wà ní Iléṣà, kò ní hàn lára mi. Ohun tó sọ mí di ẹni tí wọ́n ń tì sínú òpó nìyẹn. Àwa bẹ́ńdà tá à ń so irin ilé mọ̀ pé bí òpó bá tóbi, ọwọ́ ẹni tó wà níta kì í dé àárín rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ inú irin náà, kó máa fi wáyà so ó láti inú, kó máa gun irin ríǹgì tó yí i ká bọ̀ lókè bí àkàsọ̀ títí yóò fi yọrí jáde. Èmi ni ẹni náà, ọjọ́ gbogbo. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́.

Àrùn rọpárọsẹ̀ dá bàbá mi dùbúlẹ̀ nílé wa ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo, ṣùgbọ́n kò gba ẹnu wọn. Wọ́n á ní, "Ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ lo máa wọ sàréè láti gbà mí nígbà tí wọ́n bá ń sọ òkú mi kalẹ̀. Ẹni tó ń wọnú òpó, ṣé ó máa ní ẹ̀rù ihò ń ba òun ni?" Mo máa ń ní kí wọ́n yéé sọ ọ́. Wọ́n á ní àfi kí n ṣèlérí. Mo ṣèlérí, mo tún fi Ọlọ́run búra.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, gbọ̀ngàn ńlá kan là ń kọ́ ní Iléṣà. Ẹnjiníà ti yẹ irin wò, ó ní ká fi wáyà kún ibi tó ṣẹ́ kù lókè, kọnkéré ń bọ̀. Ni ọ̀rọ̀ bá di bó ò lọ yà fún mi. Èmi wà nínú òpó, wáyà kún ẹnu mi, nítorí eyín la fi ń di wáyà mú kí ọwọ́ lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹni tí wáyà wà lẹ́nu rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Àwọn tó wà lókè ò gbóhùn mi, wọ́n rò pé mo ti jáde, wọ́n bá to irin dẹ́kì lé orí òpó, wọ́n so ó pinpin. Ìgbà tí mo gbójú sókè, irin ni mo rí.

Mo tu wáyà dànù, mo pariwo. Wọ́n rẹ́rìn-ín! "Eku kó sí pàkúté o!" Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n fóònù mi dún nínú àpò tí mo kọ́ síta. Ọ̀gá wa mú un, ó gba àárín irin tì í sí mi létí. Àbúrò mi ni.

"Bùọ̀dá, Bàbá ti lọ. Wọ́n ní bí wọ́n bá kírun Àìlà tán, a ó gbé wọn sin. Ẹ máa bọ̀ o."

"Ọ̀gá, ẹ gé irin yìí!"

Ọ̀gá di orí mú. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ̀rù ẹnjiníà ló ń bà á. "Irin tí wọ́n ti yẹ̀ wò, a ò gbọdọ̀ gé e. Ṣe sùúrù, a máa tú u."

Sùúrù! Wọ́n ń tú wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, wáyà tí èmi fúnra mi kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lọ́ ọ kó má baà tú. Mo ń mi irin, mo ń sunkún, mo ń bú wọn, mo tún ń bẹ̀ wọ́n. Mo gbọ́ tí ladáànì pe ìrun Àìlà ní mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí. Mo ṣì wà nínú òpó.

Nígbà tí wọ́n fà mí yọ, n kò dúró wẹ ẹsẹ̀. Mọ́tò Òṣogbo ní àfi kí òun kún kí òun tó gbéra. Mo bá àbúrò mi lẹ́bàá sàréè tí wọ́n ti bò, amọ̀ dé orúnkún rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Mo gbà wọ́n, Bùọ̀dá. Wọn ò wúwo rárá."

Inú bí mi sí gbogbo ayé. Mo ní n kò ní so irin mọ́ láyé mi. Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀? Mo gbìyànjú láti sanra, mo jẹ iyán àárọ̀, mo jẹ tìrọ̀lẹ́, ara kọ̀. Nígbà tí a ṣàdúà tán, mo padà sí Iléṣà. Òpó mìíràn ti wà nílẹ̀. Ọ̀gá ò lè wo ojú mi, ó kàn na ọwọ́ sí i. Mo fi okùn so fóònù mọ́ ọrùn, mo kó wáyà sẹ́nu, mo wọlé. Ta ló tún kù tí yóò pè mí pé kí n wá gba òun?