Ajá Tí Wọ́n Ní Ó Ń Rìn Kiri

Kì í ṣe pé mo kórìíra wolé-wolé láti ilẹ̀. Nígbà tí a wà ní kékeré níbí ní Kàbà, tí ariwo bá ti ta pé wọ́n ń bọ̀, ìyá mi á ti gbá gbogbo àyíká ilé kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n á ṣí ìkòkò omi wò, wọ́n á yọjú sí ilé ìdáná, wọ́n á kí wa, wọ́n á lọ. Wolé-wolé nìyẹn. Àwọn tí a wá ní báyìí, tí wọ́n ń fi pikọ́ọ̀pù gbé àgò onírin kiri ìlú tí wọ́n ń kó ajá, n kò mọ orúkọ tí mo lè pè wọ́n tí kò ní í dà bí èébú.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ajá dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Nígbà tí ìròyìn dé pé ajá kan ya wèrè lọ́nà ìlú Ìffẹ̀ tó wà nítòsí wa, tó ń bu ènìyàn jẹ, wọ́n ṣòfin pé ajá tí àwọn bá rí níta láìsí ẹni tó ni ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àwọn á mú un. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Èmi gan-an pàtẹ́wọ́. A rò pé àwọn ajá ibi ìpẹran ni wọ́n ń bọ̀ wá kó, àwọn tí irun ti re dànù lára wọn, tí wọ́n ń lé ọmọ iléèwé kiri. Àwọn yẹn wà níbẹ̀ di òní, àlàáfíà ni wọ́n wà. Ajá tó sanra, tí ara rẹ̀ ń dán, tó ti jẹun yó nílé olúwa rẹ̀, ni wọ́n ń fi òfin mú. Gbogbo ìlú sì mọ ibi tí wọ́n ti ń se ẹran ajá lata. Ṣé ó tún di ìgbà tí mo bá fa ọ̀rọ̀ gùn?

Ajá bàbá mi wà lára àwọn tó sanra. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí òwe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ajá, òwe náà sì ń bá ẹnì kan wí nílé kejì. Ẹni náà mọ ara rẹ̀.

Ojú bàbá mi ti ń ṣókùnkùn. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji ènìyàn, àmọ́ kò rí kòtò, kò sì rí ọ̀kadà àfi tó bá ti dé imú rẹ̀. Àwa ọmọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi oko sílẹ̀. Ó ní tí òun bá jókòó sílé, àwọn ará ìlú á ti máa wọn pósí òun. Ló bá so ṣaworo mọ́ ajá rẹ̀ lọ́rùn. Ajá á máa lọ níwájú, òun á máa fi etí tẹ̀lé e, ọkọ́ léjìká, agbọ̀n lórí, wọ́n á dé oko, wọ́n á sì padà. Bó ṣe ń lọ sí oko iṣu rẹ̀ nìyẹn, tí kò ṣubú rí, tí kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá fa òun lọ́wọ́.

Títì ọlọ́dà nìkan ló kù kí wọ́n máa ṣọ́ra sí, nítorí ó wà láàárín ọ̀nà oko àti ilé wa, àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kì í sì í wo iwájú. Tí wọ́n bá ń ti oko bọ̀, tí wọ́n dé abẹ́ igi máńgòrò tó wà létí títì, Bàbá á jókòó sinmi, ajá á sáré wálé. Àṣà ilé wa ni láti ìgbà ìyá mi: tí ajá bá ti yọjú, a ó gbé omi iṣu kaná, olóko ti dé nìyẹn. Ajá á lá omi díẹ̀, á tún padà lọ mú Bàbá kọjá títì. Ìrìn abẹ́ máńgòrò sí ilé yẹn nìkan ni ajá náà máa ń dá rìn lójúmọ́. Ìrìn yẹn náà ni wọ́n fi mú un.

Aránṣọ ni mí. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti padà sílé bàbá mi, ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ni mo ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí. Lọ́jọ́ náà, ajá wọlé bó ṣe máa ń wọlé, mo dìde láti lọ gbé omi kaná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ẹ̀yìn ni mo gbọ́ tí ènìyàn súfèé. Mo yíjú padà. Pikọ́ọ̀pù ti dúró níwájú ilé, wolé-wolé kan na eegun màlúù jáde, ó ń súfèé sí ajá tó wà nínú ọgbà wa. Ajá kò mọ ìwà ènìyàn, ó ń ju ìrù lọ bá a. Bó ṣe ní kó gba eegun báyìí, wáyà tó wà lórí ọ̀pá gígùn ti fún un lọ́rùn.

Mo figbe ta. Mo ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn? Inú ilé lajá wà!"

Ó ní, "Ìyá, ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Ìta ni."

"Ṣebí ìwọ lo pè é jáde!"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi o, ó rẹ́rìn-ín. Wọ́n jù ú sínú àgò, wọ́n wakọ̀ lọ. Èmi ìbá sáré tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, bí kì í bá ṣe pé mo rántí pé Bàbá ń dúró de ajá lábẹ́ máńgòrò. Mo sáré lọ síbẹ̀ láìwọ bàtà. Bàbá kò sí lábẹ́ igi mọ́. Ó ti dúró títí ó ti sú u, ó ti dá bọ́ sójú títì, ó wà láàárín gbùngbùn ọ̀nà pẹ̀lú agbọ̀n iṣu lórí, ọlọ́kadà kan sì ń bú u pé, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kú ni?" Mo fà á lọ́wọ́ kọjá. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Ta ló dá ajá mi dúró?"

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí ọ́fíìsì wọn. Aládùúgbò tí ilé rẹ̀ àti ilé wa kọjú síra, Àlàájì kan tó ti ń ta ọkà látọjọ́ pípẹ́, ní òun á bá wa lọ. Àlàájì kì í fọwọ́ kan ajá, kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ òun kí ó tó kírun. Ìdí tó fi ní òun á jẹ́rìí nìyẹn. Ó bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní, "Tí mo bá ń ti mọ́sálásí bọ̀, ajá yìí á yà fún mi. Ó mọ ibi tí agbádá mi dé. Ènìyàn mélòó ló mọ̀ ọ́n nílùú yìí?"

Mo kó káàdì abẹ́rẹ́ ajá kalẹ̀. Ọ̀gá kò tilẹ̀ wò ó. Ó ní òfin kò mojú, ajá tí kò sí ní okùn, ajá ìgboro ni. Mo ní bàbá mi kò ríran, ajá ló ń mú un rìn. Ó ní kí Bàbá kúkú fi okùn fà á. Mo ní ṣé kí ó fi ẹnu di okùn mú ni, nígbà tí ọwọ́ kan di ọkọ́ èjìká mú, tí èkejì di agbọ̀n orí mú? Ọ̀gá wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó wá fi òwe dá wa lóhùn. Ó ní, "Ẹ mọ̀ pé ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ."

Bàbá mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ajá mi gbọ́ fèrè. Fèrè tiyín ló gbọ́."

Àlàájì pa ẹ̀rín mọ́ra títí, kò ṣeé ṣe. Bóyá ìtìjú ló mú ọ̀gá o, bóyá ariwo mi ló sú u, n kò mọ̀. Ó ní wọ́n á dá ajá padà, àmọ́ lórí àdéhùn kan: ṣéènì ni kí a fi so ó mọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí àwọn bá tún rí i lójú ọ̀nà láìsí okùn lọ́rùn, ìbáà jẹ́ Bàbá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìbọn ni.

Ní tiwa, a kì í so ajá oko mọ́lẹ̀. Bàbá mi sọ ọ́ lójú ọ̀nà tí a ń bọ̀, ó ní ajá tí a bá so á gbàgbé ènìyàn. Mo ní kí ó jẹ́ ká dúpẹ́ pé ajá ṣì wà láàyè. A so ó mọ́ ìdí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ó ké títí ọ̀fun rẹ̀ fi há. Bàbá gbìyànjú okùn gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe wí, wọn kò tíì jáde nínú ọgbà tí okùn fi kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, tó fi ìbàdí lulẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò lọ sóko mọ́. Ó gé ọ̀pá kan tó ń fi táràrà inú ilé. Koríko bo iṣu rẹ̀.

Ẹ rò pé ó tán? Àwọn wolé-wolé tún sọ ilé wa di ibi ìṣeré. Tí ọ̀kadà wọn bá ń kọjá, wọ́n á dúró, wọ́n á ní àwọn wá ṣàyẹ̀wò bóyá ajá wà lórí ìso. Wọ́n á ti igi bọ inú ọgbà, wọ́n á máa gún un níhà. "Ṣé o ti gbọ́n báyìí?" Ajá á fò títí ṣéènì á fi fà á ṣubú, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ. Mo bú wọn títí ẹnu fi ro mí. Àlàájì jáde sí wọn, wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba làwọn ń ṣe, kí ó má dí àwọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ìjọba! Ìjọba wo ló ní kí ẹ máa gún ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀?

Ajá tó ń bá ọmọ àdúgbò ṣeré tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí gbogbo ènìyàn ń yà fún. Tó bá ti rí igi lọ́wọ́ ènìyàn, ojú rẹ̀ á pọ́n. Èmi ń rí i, mo ní n óò sọ fún Bàbá pé kí ó jẹ́ kí èmi máa gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un. Ṣé Bàbá á gbà? Ó ní ajá òun kì í jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíì. Lówúrọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé iṣu tó kù lánàá lọ fún un, ó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Ọ̀pá lajá rí. Ó bù ú jẹ lápá, ó dé egungun.

Ọkọ̀ Àlàájì ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní ajá tó bá ti bu ènìyàn jẹ, àwọn gbọ́dọ̀ sọ fún wolé-wolé. Wọ́n sì sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹjọ́ tí mo lè rò. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ wá. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Bàbá, ẹ rí i? A sọ fún yín pé ajá yìí léwu."

Bàbá ní kí gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Ó sọ ọ̀pá rẹ̀ nù, ó fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà lọ bá ajá pẹ̀lú apá tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Ajá kò ṣe nǹkan kan. Ó lá ọwọ́ rẹ̀, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Bàbá tú ṣéènì kúrò lára òpó, ó na ìpẹ̀kun ṣéènì náà sí ọ̀gá.

Ó ní, "Ẹ gbà. Ajá tèmi, ẹ ti mú un lọ lọ́jọ́ tí ẹ súfèé yẹn. Eléyìí, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

Ọ̀gá gba ṣéènì. Wọ́n gbé ajá lọ. Mo sunkún títí, inú bí mi dé ibi tí n kò lè ránṣọ.

Ní báyìí, èmi ni mo ń mú Bàbá lọ sóko. Ó kọ̀ kí n fà á lọ́wọ́. Ó ní kí n máa lọ níwájú, òun á máa gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí a ṣe kúrò nílé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: mo bú wolé-wolé, mo bú ọ̀gá wọn, mo bú àwa tí a pàtẹ́wọ́ fún òfin. A kọjá títì, a wọ ọ̀nà oko, ẹnu mi kò dúró. Bàbá wá dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ọmọ mi, n kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ mọ́. Ajá kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí."

Mo pa ẹnu mọ́. Mo ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ gìdìgìdì kí ó lè gbọ́.