Ọwọ́ Tó Di Ẹsẹ̀ Ọmọ Mú

Bí wọ́n bá ní kí n sọ ohun tí mo kọ́ nígbà tí yunifásítì rán wa lọ kọ́ṣẹ́, owú ni n óò kọ́kọ́ dárúkọ. Ìdó-Èkìtì ni wọ́n fi mí sí, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń ran àwọn òbí tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn lọ́wọ́. Wọ́n ní ilé kan ní òdìkejì ọsibítù, níbi tí àwọn ìyá tó ti ọ̀nà jíjìn wá ti ń sùn, tí wọ́n ti ń dáná, títí ara ọmọ wọn yóò fi yá. Àwọn ìyá náà kì í pè é ní orúkọ gígùn tí ẹgbẹ́ sọ ọ́. "Ulé" ni wọ́n ń pè é, bí ará Èkìtì ṣe ń pe ilé, ó parí.

Àwa méjì la jọ ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ Ìkòlé ni èmi, ilé tí wọ́n ti ń gún iyán lálaalẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Èkó ni ẹnì kejì mi. Ará Òsì ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Kérésìmesì nìkan ló máa ń gbé e wálé. Ó rẹwà, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn, kò sì mọ iṣẹ́ kankan ṣe. Mo ti sọ ọ́, mi ò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ọmọbìnrin kékeré kan wà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ gbé wá láti Ààyè, kò tíì pé ọmọ ọdún méje. Ó jábọ́ lórí igi máńgòrò, egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wọ inú eegun. Dókítà fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré, ó ti gbẹ jù, àfi kó kọ́kọ́ jẹun dáadáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, egbò yẹn lè gba ẹsẹ̀ náà lọ. Gbogbo wa la gbọ́. Ọmọ náà kò sì jẹun. Bí o bá gbé ṣíbí dé ẹnu rẹ̀, á pa ètè dé bí ilẹ̀kùn.

Láràárọ̀ ni nọ́ọ̀sì ń wẹ egbò náà. Ìyá rẹ̀ á di apá mú, èmi á di ẹsẹ̀ mú, ọmọ á máa ké, á máa bú wa. Ọmọ Èkó bá wa wọlé lẹ́ẹ̀kan péré. Bí wọ́n ṣe tú báńdéèjì tí òórùn jáde, ó sá bọ́ síta, ó lọ ń bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà, ẹnu ọ̀nà ló ti ń dúró dè wá. Á na ọwọ́ méjèèjì, ọmọ á rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, á máa fẹjọ́ sùn ún pé a fẹ́ pa òun.

Wọ́n ní ẹni tó ṣoore tó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe é ni. Ó dáa. Mo lóṣòó tì í, mo tún tẹ́ ẹní síbẹ̀. Èmi ni mo ń ṣiṣẹ́, ẹni tó sá ni wọ́n ń dì mọ́.

Mo ní iyán ni n óò fi gba ọmọ yìí padà. Ta ló rí ará Ààyè tó kọ iyán? Mo gún un lẹ́yìn ilé ìdáná títí apá fi ń ro mí, kò sí kókó kan nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sí i. Mo gbé e lọ, mo kúnlẹ̀, mo pe oríkì ọmọ, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wo ọwọ́ mi, ó yíjú sí ògiri.

Ni ọmọ Èkó bá wọlé, ó ní òun náà gún díẹ̀. Àwọn ìyá ti ń rẹ́rìn-ín láti ìta. Kókó inú rẹ̀ tó ẹyin ẹyẹlé. Ọmọ náà mú kókó kan, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì jẹ ẹ́. Ó mú òmíràn. Ó jẹun títí abọ́ fi mọ́, àwọn ìyá sì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó gún ìranù.

Ó yẹ kí inú mi dùn, mo mọ̀, torí ẹsẹ̀ ọmọ là ń wí. Ṣùgbọ́n owú kì í béèrè ohun tó yẹ. Mo gbé iyán mi padà sí ilé ìdáná. Ìyá ọmọ tẹ̀lé mi, ó wẹ ọwọ́, ó jókòó tì mí, a jọ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. À ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ náà láti inú yàrá.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì mi náà wá di ẹsẹ̀ mú lọ́la. Kò dáa kó jẹ́ èmi lójoojúmọ́." Mo ṣe é bí ẹni pé ó ti rẹ̀ mí. Kò rẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí ọmọ náà kórìíra ẹnì kejì mi náà ni.

Ìyá náà gé òkèlè, ó fi í sínú ọbẹ̀, kò gbé e sẹ́nu. Ó ní, "Láti ìgbà tí wọ́n ti ń wẹ egbò yẹn, kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ èmi tí mo bí i. Àǹtí, bí òun náà bá dì í mú, ta ni yóò wá fún un lóúnjẹ?"

Mo ti abọ́ ọbẹ̀ sún mọ́ ọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ Èkó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá di apá mú. Ọmọ náà ń ké pe ẹni tó wà níta, mo sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú gírígírí.