Ìkúnlẹ̀ Kò Sí ní Wọ́ọ̀dù

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, n kò sì gbọ́ ọ lójú ọ̀nà. Mo wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àní ibi tí mo dúró sí gan-an, mo lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tó bá ń jiyàn. Mò ń sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn tí kò wọ ọgbà ọsibítù náà rí ti ń pín ìtàn yìí kiri láti ọjà Sandgrouse títí dé Tinúbú, kálukú ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Èmi ni mo bí ọmọ náà. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Alápatà ni mí. Bí ẹ bá dé Sandgrouse, tí ẹ béèrè alápatà tí ọ̀bẹ rẹ̀ mú jù, wọ́n á ti nàka sí mi kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Ìwé mi kò pọ̀. Mo ka ìwé kejì nílé ẹ̀kọ́, mo mọ Àlùkùránì débi tí mo fi lè kírun láìwo ẹnu ẹlòmíràn, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè dá gbé itan màlúù. Síbẹ̀, ohun tí ẹ ń kà yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Àmì orí rẹ̀ nìkan ni ọmọ mi bá mi tún ṣe.

Ọmọ mi yìí náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nínú agboolé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Bàbá bàbá mi, alápatà. Bàbá mi, alápatà. Èmi náà rèé. Ó wá kan ọmọ mi, ó di nọ́ọ̀sì! Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é wá dáhùn ìbéèrè, wọ́n bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ máa ń bà á lẹ́rù. Ó ní, “Bàbá mi ń pa màlúù, mà.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mú un. Èyí kò ṣojú mi, òun ló sọ ọ́ fún mi, ọmọ mi kì í sì í purọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ọmọ tí ẹ fẹ́ fi síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ máa bá pàdé, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún èmi. Ọmọ yín kò ní sùn sílé mọ́. Ilé àwọn nọ́ọ̀sì ló máa máa sùn, nínú ọgbà ibẹ̀, tòun ti àpótí aṣọ rẹ̀. Ẹ máa ra bàtà dúdú pẹlẹbẹ tí kì í dún kòkòkò, àti ìbọ̀sẹ̀ gígùn, àti aago tí wọ́n ń fi píìnì há sí àyà, tó ní ọwọ́ tín-ín-rín kan tó ń sáré ju àwọn yòókù lọ. Wọn kì í lé làálì níbẹ̀. Ọmọ mi ti lé làálì nítorí ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ó fi kàn-ìn-kàn-ìn ha ọwọ́ títí mo fi ní kó rọra, kó má baà ha ara rẹ̀ tán kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Ẹ má sì rò pé wọ́n á gbé abẹ́rẹ́ lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó bá débẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì títẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ọ! Nígbà tó kọ́kọ́ gba ìsinmi wá sílé, ó tú aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì mi, ó tún un tẹ́, ó ṣẹ́ igun rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá ń di ẹ̀kọ léwé. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń jà pẹ̀lú aṣọ kí n tó ráyè ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n tún ní ọmọláńgidi ńlá kan tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń gé èékánná rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kí i kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, bí ẹni pé ó máa dáhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kan egungun. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sunkún nítorí orúkọ egungun. Ọmọ tèmi dúró nídìí àtẹ mi ní Sandgrouse, ó gbé egungun èjìká màlúù sókè lójú àwọn oníbàárà.

“Bàbá, sikápúlà lèyí.”

Mo ní, “Àwa ń pè é ní egungun ọbẹ̀. Gbé e sílẹ̀, màmá yìí ti rà á.”

Mo ń ṣe bí ẹni tí kò kà á sí ni o. Nígbà tó lọ tán, mo sọ fún gbogbo ẹni tó ra ẹran lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà pé sikápúlà ni wọ́n ń gbé lọ sílé.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán wọn wò. Nínú oṣù mẹ́ta yìí, bí Sísítà bá sọ pé ọmọ kan kò yẹ, ó parí. Wọ́n á ní kó gbé àpótí rẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀, kò sí pé mo mọ lágbájá. Sísítà tí mò ń wí ni òyìnbó obìnrin tó jẹ́ olórí wọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ọmọ mi sí, gíga gbọọrọ, tó ń rìn bí ẹni pé wọ́n ń pè é níbòmíràn.

Ohun tó fẹ́ lé ọmọ mi kúrò níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣe egungun. Orúnkún ni.

Ẹ mọ bí a ṣe ń tọ́ ọmọbìnrin lágboolé wa. Bó bá rí àgbà, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó là. Kò ní láti rò ó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kúnlẹ̀ kí àwọn ìyá arúgbó tó dùbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù, tòun ti yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Sísítà pè é, ó ní ilẹ̀ wọ́ọ̀dù kò mọ́ bí ojú ṣe rí i, pé ohun tí nọ́ọ̀sì bá fi orúnkún kó nílẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ló ń gbé e lọ. Ọmọ mi gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ìmáàmù kan wá wo aláìsàn, ó bọ́ sí iwájú rẹ̀, orúnkún tún lọ. Sísítà wá sọ fún un níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé bí òun bá tún rí i nílẹ̀, kó lọ di ẹrù rẹ̀.

Ó wá sọ ọ́ fún mi nílé, ojú rẹ̀ wú.

“Bàbá, mi ò mọ ìgbà tí mo ń ṣe é.”

“So ó mọ́lẹ̀.”

“Orúnkún ni kí n so?”

“Nọ́ọ̀sì kọ́ lo jẹ́ ni? Fi báńdéèjì dì í.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ ẹni tó ṣẹ́ kù.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó ń ta aṣọ ní Balógun, ló tọ́ ọmọ yìí dàgbà. Ìyá ọmọ náà kú nígbà tó ṣì ń rákò, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ló gbé e sí títí ó fi rìn. Nítorí náà, bí mo tilẹ̀ bí i, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń ṣẹ lórí rẹ̀, n kò sì lè bá a dù ú. Kò fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìròyìn pé wọ́n ní kí ọmọ má kúnlẹ̀ kí àgbà wá dé etí rẹ̀. Ó wá bá mi lọ́jà, ó dúró síwájú àtẹ mi, kò sì béèrè ẹran.

“Ṣé òótọ́ ni?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, òfin ọsibítù ni. Nítorí kòkòrò àìsàn ni.”

“Èmi ni kòkòrò?”

“Áà, ẹ̀gbọ́n mi!”

“Èmi tí mo pọ̀n ọ́n, tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn, èmi ló máa nàró kí? Màá lọ síbẹ̀. Bó bá kúnlẹ̀, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá kúnlẹ̀, mò ń mú un bọ̀ wálé lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ wo ló tó kí ọmọ sọ ìwà nù?”

Ẹ wo ibi tí wọ́n wá há ọmọ mi sí. Bó bá kúnlẹ̀, Sísítà á lé e. Bó bá dúró, ẹ̀gbọ́n mi á mú un lọ. Oṣù mẹ́ta náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé.

Ọ̀sán ni wọ́n ń jẹ́ kí àlejò wọlé. Mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọwọ́ kí òórùn ẹran lè kúrò, mo wọ bùbá funfun tí mo rán fún Iléyá, èyí tí wọ́n fi sitáàṣì lọ̀ títí ó fi ń dún. N kò lè purọ́, mo dára lójú. Ẹ̀gbọ́n mi wé gèlè, ó da ìborùn lé e, a sì fẹsẹ̀ rìn lọ torí ó ní kí èèyàn rí aṣọ òun.

Agogo dún, wọ́n ṣílẹ̀kùn, a wọlé. Bẹ́ẹ̀dì tò lọ tò bọ̀, ilẹ̀ pupa ń dán, òórùn oògùn gbòde. Sísítà jókòó nídìí tábìlì ní ìpẹ̀kun wọ́ọ̀dù, ó ń kọ nǹkan. Bí a ṣe gbé ẹsẹ̀ méjì mẹ́ta, ọmọ mi ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíréè. Lórí tíréè, ife gíláàsì kan tó ní omi oògùn nínú, tẹmómítà dúró sínú rẹ̀ bí igi ìtayín.

Ó rí wa. Ó dúró gbọnin.

“Ìyá, ẹ káàsán mà. Ẹ kú àbọ̀ mà.”

Ẹ̀gbọ́n mi tún ìborùn ṣe. Ó dúró bí ẹni tí wọn kò tíì fún ní ṣéńjì.

“Ìyá, ẹ káàsán mà.”

“Mo gbọ́ ohùn,” ẹ̀gbọ́n mi ní. “Mi ò tíì rí ẹni tó kí mi.”

Àwọn aláìsàn tó ń kérora tẹ́lẹ̀ gbé orí sókè kí wọ́n lè ríran dáadáa. Sísítà náà gbójú sókè, ó sì gbé bírò sílẹ̀. Ọmọ mi wò mí. Mo wá wo ìsàlẹ̀, mo rí orúnkún rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Ẹlòmíràn kò lè rí i. Èmi tí mo ti ń wo orúnkún màlúù láti kékeré, mo mọ èyí tó fẹ́ lọ sílẹ̀.

N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ju ara mi sílẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n mi, tàyà-tàyà, bùbá funfun, fìlà fò lọ. Mo ké débi tí ẹni tó wà lóde fi lè gbọ́:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán o! Mo kí yín ní tèmi, mo sì kí yín fún ọmọ yín!”

Ìyá arúgbó kan lórí bẹ́ẹ̀dì pàtẹ́wọ́. Ó ní, “Ẹ wo ọkùnrin tí wọ́n tọ́ yanjú!”

Sísítà kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó rí ni ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó ṣubú lulẹ̀ tó sì ń ké. Ó sáré bọ̀ bí ẹṣin. Bó ṣe ń kọjá, ìgúnpá rẹ̀ gbá tíréè lọ́wọ́ ọmọ mi, gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀ wìràwìrà, omi fàdákà inú tẹmómítà ń yí kiri bí ìlẹ̀kẹ̀ tó já. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, orúnkún méjèèjì, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo aago àyà rẹ̀.

“Mádáàmù, no wahala,” mo wí láti ilẹ̀. “I dey greet!”

Kò gbà. Ó ń ka ẹ̀jẹ̀ mi lọ. Ojú ibi tó kúnlẹ̀ sí sì rèé, iwájú ẹ̀gbọ́n mi gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó títí. Ojú rẹ̀ wá rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan òyìnbó náà léjìká.

“O ṣeun, ọmọ mi. Mo ti gbà á. Dìde, o ò jẹ gbèsè ìkúnlẹ̀ mọ́.”

Sísítà wo ọmọ mi, ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í léèrè ohun tí ìyá náà wí. Ọmọ mi ní ó dúpẹ́ ni. Sísítà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sọ gbólóhùn kan, ọmọ mi sì yí i sí Yorùbá fún mi: “Bàbá, ó ní bí ara yín bá le, kí ẹ máa lọ sílé.”

Lójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi ń rìn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ó ní, “Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá wọn pátápátá ló kúnlẹ̀ kí mi yẹn. Kí ni mo tún ń wá lọ́wọ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀? Jẹ́ kó máa kọ́ṣẹ́ rẹ̀.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Oṣù mẹ́ta pé, èmi fúnra mi ni mo lọ dúró ní géètì. Àwọn ọmọ kan ń jáde bọ̀, àpótí lórí, wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Mo ń wo orí kọ̀ọ̀kan bóyá màá rí ti ọmọ mi. N kò rí i. Ó pẹ́ kó tó jáde wá, kò sí àpótí lórí rẹ̀, fìlà nọ́ọ̀sì ló wà níbẹ̀, funfun báláú. Ó ní Sísítà pe òun sí ọ́fíìsì, pé Sísítà ti wo orúnkún òun lọ́jọ́ tí a wá, kò kanlẹ̀, nítorí náà kóun padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn nǹkan tó fọ́, Sísítà gbà pé ọwọ́ òun ló ti bàjẹ́, kì í ṣe ọwọ́ ọmọ mi.

Mo rìn láti ibẹ̀ dé Sandgrouse láìmọ̀ pé mò ń rìn. Alápatà ni mí, nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi, ẹ lọ wádìí rẹ̀.

Ní ti ohun tó bàjẹ́ lọ́jọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀, mo kà á níbẹ̀ kí wọ́n tó gbá a kúrò: tẹmómítà mẹ́rin, ife gíláàsì kan, bọ́tìnì méjì láyà bùbá mi.