Ìyá Tó Ń Kí Igi Píà

Ògiri kan ló pààlà láàárín èmi àti ìyá kan n'Iléṣà. Láràárọ̀, igi píà méjì tó wà lẹ́yìn ilé wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí, kí wọ́n tó dá èmi lóhùn. Ọ̀kan ń so gígùn, èkejì ń so roboto. Tèmi, oníroboto kan ṣoṣo, òdòdó rẹ̀ ń jábọ́ lásán ni. Owú kì í jẹ́ kí n lè jẹ èyí tí wọ́n bá fún mi.

"Igi rẹ ń dá gbé ni," wọ́n ní. "Ọkọ ló ń fẹ́, onígígùn. Tèmi jìnnà sí i."

Wọ́n gbin onígígùn mìíràn mọ́ ògiri lọ́dọ̀ tiwọn. Nígbà tó dàgbà tó yọ òdòdó, tèmi so jìngbìnnì. Mo ní ó kù kí wọ́n wá rí i. Wọ́n yọjú lóòótọ́, àmọ́ igi mi ni wọ́n kí: "Ìyàwó wa, o kú ewu ọmọ."

Ilé ọkọ ló kúkú ni ọmọ.