Ọjọ́ Tí Mo Mú Bàbá Mi Rìn Yí Ṣakí Ká

Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní Ṣakí. Àwa mẹ́ta la wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi: èmi, ọ̀rẹ́ mi ará Òkaka tí a jọ ń gbé yàrá náà, àti bàbá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Àgọ́-Àmọ̀dú. Ó gbé iṣu mẹ́rin sínú àpò lé èjìká. N kò retí rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìyá onílé dà? Àwọn ni mo wá kí."

Ẹ̀rù bà mí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, n kò lọ sí ilé-ìwé. Oko ni mo wà. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú. Ìdí nìyí tí mo fi jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní kíláàsì kẹta girama, tí mo ń fá irùngbọ̀n, tí àwọn tí a jọ jókòó sì ń pè mí ní Bàbá Kíláàsì. N kì í bá wọn jà sí i. Bàbá mi kò fẹ́ràn ìwé náà. Ìyá mi ló bẹ̀ ẹ́ tó fi gbà, ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí òun bá gbọ́ pé mo gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé, ọjọ́ náà ni ti ìwé parí, n ó padà sídìí ebè. Kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Bàbá mi ní àṣà kan. Iṣu tí a bá kọ́kọ́ wà lọ́dún, ará ilé kan kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án títí ẹni tó ń ṣe wá lóore yóò fi gba tirẹ̀. Lọ́dún yẹn, ìyá onílé mi ló yàn. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, opó, tí ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀. Bàbá mi di iṣu tuntun márùn-ún, ó fi rán awakọ̀ sí mi pé kí n gbé e fún wọn.

Lọ́sẹ̀ náà gààrí wa ti tán. Èmi àti ará Òkaka wo iṣu náà títí. A ní a ó jẹ ẹyọ kan, a ó gbé mẹ́rin fún ìyá. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mẹ́rin ti di mẹ́ta. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń lọ. A máa ń ti ilẹ̀kùn jẹ ẹ́ ni, bí ẹni pé ilẹ̀kùn lè dá òórùn iṣu sísè dúró. A kò mọ ibi tí à bá da èèpo rẹ̀ sí. Ewúrẹ́ ìyá onílé wà lórí ìso nínú ọgbà, òun la ń kó o fún. Nígbà tí awakọ̀ tún dé, mo ní kó sọ fún bàbá mi pé ìyá onílé dúpẹ́ púpọ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ tí mo rán yìí délé ni wọ́n tó gún iyán iṣu tuntun ní ilé wa.

Nítorí náà, ẹ̀rù tó bà mí lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, ó nídìí.

Ìyá onílé ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá mi ní òun yóò dúró dè wọ́n. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ ìkẹyìn máa ń gbéra lọ sí Àgọ́-Àmọ̀dú. Mo rò ó pé bí n bá lè fi ìrìn lo ọjọ́ náà tán, wọn kò ní rí ara wọn.

Mo ní, "Baba, ẹ ò tíì rí ìlú yìí dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn."

Ará Òkaka bá mi gbè é: "Baba, ẹni tó dé Ṣakí tí kò gun àpáta, ó kàn kọjá níbẹ̀ ni."

Bàbá mi wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ tí o ti gùn ún, kí lo rí mú bọ̀?" Ṣùgbọ́n ó gbé iṣu kalẹ̀, ó tẹ̀lé mi.

Ilé-ìwé wa ni mo kọ́kọ́ mú un lọ. Ó wo pápá ìṣeré títí dé ìpẹ̀kun, ó fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tú ilẹ̀ díẹ̀. Ó bi mí pé, ilẹ̀ tó dára tó báyìí, kí ni wọ́n ń gbìn sí i? Mo ní bọ́ọ̀lù la ń gbá níbẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ da ilẹ̀ tó tú náà padà.

Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, mo fi àpótí tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí hàn án. Ó béèrè bóyá mo ti ju tèmi sí i rí. Mo ní rárá, awakọ̀ ni mo máa ń rán.

"Awakọ̀ dára," ó ní. "Awakọ̀ ní ojú tí ènìyàn lè wò."

Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

A dé gáréèjì tí àwọn ọkọ̀ ọ̀nà Kútọnu ń já ẹrù sí. Ìrẹsì ni, aṣọ ni, bàtà ni. Obìnrin kan tó pàtẹ bàtà ké sí bàbá mi: "Baba àgbẹ̀, ẹ wá ra bàtà o! Ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín ti rí ti tó gẹ́ẹ́!" Bàbá mi ní, "Èmi àti ilẹ̀ ti mọ ara wa, ìyá. Má fi bàtà rẹ dá sí i." Gbogbo ọjà tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín, bí kò bá jẹ́ pé mò ń wo òòrùn.

Lọ́sàn-án a gun àpáta. Èmi ni mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò rẹ òun rárá. Láti òkè ibẹ̀, òrùlé páànù ìlú náà pọ́n láti apá kan dé èkejì. Àwọn tó bá wá síbẹ̀ máa ń tọ́ka sí ilé tí wọ́n mọ̀. Apá Àgọ́-Àmọ̀dú ni bàbá mi kọjú sí, níbi tí kò sí nǹkan tí a lè rí àfi igbó àti èéfín.

Ó ní, "Mo wá mú ọ lọ sílé ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ nìkan kò lè kọ ebè ọdún yìí. Ìyá rẹ ló ní kí n kọ́kọ́ béèrè. N ó bi onílé rẹ irú ẹni tí o jẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ ni n ó mú lọ."

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo mú un gba ẹ̀yìn ọjà, mo mú un gba ibi tí wọ́n ti ń la pákó, mo tún mú un gba ẹ̀yìn ọjà. Ó dúró. "Ọ̀nà yìí la gbà lẹ́ẹ̀kan." Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ rìn nínú igbó kò ṣeé mú ṣìnà ní ìlú. Òun ló ṣáájú mi padà sílé. Aago mẹ́rin kò tíì lù.

Ìyá onílé ti dé. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá. Èmi ni bàbá akẹ́kọ̀ọ́ yín."

"Ẹ káàbọ̀, Baba. Ẹ kú ìrìn. Àṣé ẹ̀yin lẹ bí èyí tó ń fá irùngbọ̀n lọ sílé-ìwé!"

Bàbá mi jókòó. Ó béèrè àlàáfíà wọn, ó béèrè ti àwọn ọmọ wọn. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Iṣu tí mo fi ránṣẹ́ nígbà kan, ṣé ó dùn?"

Ọwọ́ ìyá onílé dúró lórí ẹ̀gúsí. Wọ́n wò mí. Ará Òkaka rọra wọlé lọ.

"Iṣu yín dé ilé yìí, Baba," wọ́n ní. "Kò sì sí èyí tó ṣòfò nínú rẹ̀, títí dórí èèpo. Ewúrẹ́ mi tó dúró níbẹ̀ yẹn lè jẹ́rìí."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín sí mi létí lọ́jọ́ náà. Ó wá bi wọ́n ní ohun tó bá wá: irú ènìyàn wo ni mo jẹ́ nínú ilé wọn?

"Ó ń kàwé títí kẹrosíìnì yóò fi tán nínú àtùpà. Ó ń pọnmi fún mi láìjẹ́ pé mo rán an. Ọmọ tí kì í ṣàṣìṣe, n kò tíì gbẹ̀bí rẹ̀ rí. Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi di ọdún tó ń bọ̀."

Bàbá mi dìde. "Ó dáa," ó ní. "N ó wá ẹni tí yóò kọ ebè." Ó gbé iṣu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síwájú wọn, ó sì bá ọkọ̀ aago márùn-ún lọ.

Nígbà tí mo padà láti ibi tí mo ti sìn ín, ìyá onílé mú ẹyọ kan nínú iṣu náà, wọ́n nà án sí mi. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọn kò jẹ́. "Ẹ jẹ eléyìí," wọ́n ní, "kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀." Títí mo fi jáde nílé-ìwé, wọn kò tún mẹ́nu kàn án mọ́.

Bàbá mi kú láìmọ ohun tí a fi iṣu náà ṣe. Ìyá onílé náà ti lọ. Ìyá àwọn ọmọ mi nìkan ni mo sọ ọ́ fún nígbà tó wà láyé. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì ní ewúrẹ́ náà mọ oúnjẹ yàn.

Ọmọbìnrin mi tó kéré jù wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn báyìí. Orí ìjókòó mi ni mo ti ń rí ìlú náà. Orí fóònù ló ti ń fi í hàn mí, afárá, ilé ìtajà alájà mẹ́rin, ibi gbogbo. Mo bi í ta ni onílé rẹ̀. Ó ní òun kò tíì rí i rí, éjẹ́ǹtì ló fún òun ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní ta wá ni n ó fi iṣu ránṣẹ́ sí? Ó ní, "Èmi náà kọ́, Dádì?" N kò bá a wí. Ilẹ̀kùn àwọn ará ilé rẹ̀ níbẹ̀, títì ló ń wà láti òwúrọ̀ dalẹ́, kò sì sí ẹni tó rò pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ní tèmi, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Ṣakí lọ́jọ́ kejì tí bàbá mi lọ yẹn, kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, mo gbé ọkọ́ ìyá onílé, mo kọ ebè sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé wọn. Orí iṣu ìyá tí a gé kù lálẹ́ ọjọ́ Sátidé náà ni mo gbìn sí ti àkọ́kọ́.