Kíláàsì Tí Bàbá Mi Ń Béèrè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tójú mi rí lọ́dún tó kọjá. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi, mi ò sì rò pé mo tún lè máa dá a gbé kiri.

Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ni mo ti ń kàwé gboyè dókítà. Aládàáni ni, iṣẹ́ ìwádìí ni wọ́n fi gbajúmọ̀. Àwọn oníjọ Mẹ́tọ́díìsì ló dá a sílẹ̀ láyé ijọ́un, àmọ́ ká sòótọ́, ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìjọ kò ju ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan nínú ọgbà, tí mo máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí mo bá ń sáré lọ sí láàbù.

Bàbá mi ò mọ ìyẹn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ní Ayépé, Mẹ́tọ́díìsì tọkàntara. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ pé ìjọ wa ló dá yunifásítì yẹn sílẹ̀, wọ́n ní ọkàn àwọn balẹ̀, pé láti ilé dé ilé ni mò ń lọ. Ṣé kí n wá máa ṣàlàyé? Mo kàn rẹ́rìn-ín ni.

Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n á pè mí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í yí padà: "Ṣé ò ń lọ kíláàsì déédéé?" Mo ní mò ń lọ, sà. Olórí kíláàsì wa ńkọ́? Mo ní obìnrin àgbàlagbà kan ni, ó kóni mọ́ra. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa ni mo ní lọ́kàn o.

Àwọn kan nínú yín ti ń mi orí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ ìjọ mọ̀ pé kíláàsì tiwa kì í ṣe ti ìwé. Àwùjọ kékeré tí wọ́n ń pín ọmọ ìjọ sí ni. Olórí rẹ̀ ló ń bẹ̀ yín wò, tó ń gbàdúrà fún yín, tí ìròyìn búburú bá sì dé, òun ló máa ń jókòó tì yín sọ ọ́. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú kíláàsì ni mo gbàgbé!

Nígbà tó yá, ìbéèrè bàbá yí padà. Wọ́n ní, "Ṣé olórí kíláàsì yín ti rí ẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a ríra lọ́jọ́ Túsìdeè. Wọ́n tún ní, "Kò sí ohun tó o fẹ́ sọ fún mi?" Mo ní kò sí o, iṣẹ́ kàn pọ̀ ni. Wọ́n ní kí n máa ṣe é jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta tá a sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ohùn wọn ń rẹlẹ̀ sí i, mo sì rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Ọ̀sán Tọ́sìdeè kan ni Bùkọ́lá, àbúrò mi tó ń gbé Ìjẹ̀bú-Òde, pè mí. Bàbá ti lọ. Jẹjẹrẹ ni, ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́rin tí dókítà ti sọ ọ́. Mo figbe ta, mo ní kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi?

 Bùkọ́lá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ mọ̀. Bàbá kọ lẹ́tà sí olórí kíláàsì yín, èmi ni mo lọ fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ká má sọ ọ́ lórí fóònù, kẹ́ ẹ má lọ dá nìkan gbọ́ ọ. Wọ́n tún ní ẹ ti sọ fún àwọn pé ẹ ti rí olórí kíláàsì náà." Ó ní òun ti ń bínú sí mi tipẹ́.

Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ka wa, torí àdírẹ́sì ibẹ̀ ni mo fún bàbá. Akọ̀wé fa dúrọ́ọ̀ kan, lẹ́tà náà wà níbẹ̀, wọn ò tíì tú u. "Olórí Kíláàsì" ni bàbá kọ sí i lára lédè òyìnbó, nítorí wọn kì í kọ orúkọ àgbà ìjọ ní ṣákálá, oyè ni wọ́n máa ń kọ. Akọ̀wé ní àwọn béèrè títí, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo kà á. Wọ́n bẹ obìnrin náà pé kó kọ́kọ́ gbàdúrà pẹ̀lú mi kó tó sọ ọ́. Níparí, wọ́n ní tí mo bá ní mi ò lè wálé, kó má fipá mú mi, pé iṣẹ́ ìwé le, àwọn ò ní bínú.

Wọn ò sì bínú lóòótọ́. Ohun tó ń pa mí nìyẹn. Bàbá mi kú pẹ̀lú èrò pé mo mọ̀, pé mo kàn dákẹ́ ni.

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Bàbá mi béèrè o, ìdáhùn mi ló ṣì wọ́n lọ́nà. Tí òbí yín bá ń béèrè ọ̀rọ̀ kan léraléra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ní lọ́kàn gan-an.

Ṣé ẹnì kan ti ṣì yín gbọ́ báyìí rí, àbí ẹ̀yin lẹ ṣi ẹlòmíì gbọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á. Àmọ́ tí ẹni náà bá ṣì wà láyé, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè.